Amọ̀kòkò Tó Tẹ Àòtíìlọ Dó

Ìyá Àgbà mi máa ń fi ẹnu tọ́ ilẹ̀ wò. Bí a bá dé oko ẹlòmíràn, kó tó kí olóko tán, á ti bẹ̀rẹ̀, á ti fi ìka bu díẹ̀ nínú ilẹ̀, á fi kan ahọ́n, á tutọ́ rẹ̀ dànù, á wá sọ bó ṣe rí: eléyìí ní yanrìn jù, eléyìí á sán nínú iná, eléyìí dáa. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ kan tí a lọ kí àwọn àna wa kan ní Àgìdí, mo fà á láṣọ, mo ní àwọn ènìyàn ń wò wá. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti kékeré, wọn ò mọ bó ṣe rí lẹ́nu."

Oṣù tó kọjá la sin ín. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá jókòó sí, ìtàn rẹ̀ ni mò ń sọ, inú mi sì ń dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ dùn lọ. Àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń kọ́ ní Pọ́bẹ̀ ti gbọ́ ọ títí, wọ́n ti ń bá mi parí rẹ̀. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní ka ọjọ́ ayé rẹ̀ láti orí dé ìdí, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n tán. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, àti ohun kan tó ṣe.

Títílọlá lorúkọ rẹ̀. Ṣàkétẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ìkòkò ni ìyá rẹ̀ ń mọ, òun náà sì ń mọ ọ́n. Òun ló bí bàbá mi. Nígbà tí ìyá mi bí ìbejì lọ́dún tí ilẹ̀ wa gba òmìnira, wọ́n fà mí lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́ kí ọwọ́ ìyá mi lè dilẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n pè é, ọdún mẹ́fà ni mo lò. Àwọn òbí mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì, òun àti Bàbá Àgbà, tí wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ti ń gbèrò láti lọ tẹ abà dó nínú igbó.

Ilẹ̀ ló lé wọn. Oko tí bàbá Bàbá Àgbà fi sílẹ̀ lọ́nà Tákọ́n, wọ́n ti pín in títí ó fi kù bí àgbàlá. Ènìyàn méjì ò lè ro ó kí ìdí wọn má kan ara wọn. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúdú kan ń lọ káàkiri. Ó wà níwájú Pọ́bẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ títẹ́ pẹrẹsẹ tí igbó bò, tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ mì dé orúnkún. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, á lanu débi tí ọwọ́ ọmọdé á wọnú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì ní sí omi kankan nítòsí. Bàbá Àgbà, àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Baba Kọ́lá, àti ìdílé méjì mìíràn lọ bẹ àwọn tó ni ilẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Bàbá Àgbà ní bí wọ́n ṣe ń yọ̀ǹda rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà ò bá wọn jiyàn. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí wọ́n bu ilẹ̀ náà wá fún òun. Bàbá Àgbà pọ́n ìṣù kan sínú ewé, ó rù ú láti ọ̀hún dé Ṣàkétẹ́. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò, ó pò ó, ó fi mọ ife kékeré kan, ó gbé e sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó sun ún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó yọ ọ́ nínú eérú, gbogbo wa jókòó yí i ká. Ó fi èékánná ta á, ó dún gbọn-in. Ó bu omi sí i, ó gbé e ka orí pákó gbígbẹ, ó sì ń wo abẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run. Pákó náà ò rin. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ wo là ń lọ?"

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń ṣe mí bíi pé òní la gbéra. Ọkọ̀ gbé wa dé Pọ́bẹ̀, láti ibẹ̀ ẹsẹ̀ ló kù. Ọjọ́ méjì gbáko la fi rìn, àgbà àti ọmọdé, ewúrẹ́, adìyẹ nínú àgò, ọkọ́, àdá, odó, irúgbìn nínú àpò. Gbogbo ìgbà tí a bá yọ sí ibi tí igbó ti là díẹ̀ ni mo máa ń béèrè bóyá ibẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ò ru ìkòkò kankan. Baba Kọ́lá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà.

"Ìyàwó wa, amọ̀kòkò wo ló ń lọ ilé tuntun láìní ìkòkò lórí?"

Ìyá Àgbà ò dúró. Ó ní, "Ibi tí à ń lọ kún fún ìkòkò. A ò tíì mọ wọ́n ni."

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn dùn. A gbẹ́ kòtò ńlá kan láàárín, inú rẹ̀ la ti ń bu amọ̀ tí a fi mọ ògiri ilé gbogbo wa. Àwa ọmọdé la ń fẹsẹ̀ po amọ̀ náà, tí a ń kọrin, tí a ń ṣubú lé ara wa lórí. Àgbàdo tí a gbìn yọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mi ò rí irú rẹ̀ rí ní Ṣàkétẹ́. Bàbá Àgbà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á dúró láàárín oko, á fọwọ́ pa ewé àgbàdo, á máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn dé. Odò tó sún mọ́ wa jù, bí a bá jáde ní kùtùkùtù, oòrùn á ti mú kí a tó padà, a ó sì ti da ìdajì omi náà sọ́nà. Ètè wa bó. Ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ wọn ò dìde mọ́. Ìdílé méjì tó bá wa wá di ẹrù wọn lọ́sẹ̀ kan náà. Kò pẹ́ tí Baba Kọ́lá náà wá dúró níwájú ilé wa.

Ó ní, "Ìyàwó wa, mo ní ọmọ mẹ́rin. Mi ò lè jókòó kí n máa wò wọ́n."

Ìyá Àgbà ò bínú sí i rárá. Ó sìn wọ́n dé etí oko, ó gbé èyí àbíkẹ́yìn fún ìyá rẹ̀ pọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ, ó fọwọ́ kan ẹrù Baba Kọ́lá, ó ní, "Ẹ fi ọkọ́ kan sílẹ̀ fún wa."

Ìbínú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló fi í pamọ́ fún. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà mú okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù tiwa náà. Ìyá Àgbà bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní, "Ojo ni yín, Baba Ṣọlá." Ṣọlá ni bàbá mi. Bàbá Àgbà fa okùn náà le, ó tún ta kókó mìíràn sí i. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ ẹni tí n bá lọ dì mọ́.

Bí inú bá ń bí Ìyá Àgbà, amọ̀ ló máa ń pò. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ sí kòtò tí a ti bu amọ̀ kọ́lé. Kò pẹ́ tí mo rí i tó ń sáré bọ̀. Títí tó fi kú, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó sáré. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ẹrẹ̀ bò wọ́n, omi sì ń kán nínú wọn. Ó kàn yí padà, àwa náà sì ń sáré tẹ̀ lé e.

Ní igun kòtò náà, lábẹ́ òkìtì koríko tó ṣẹ́kù nígbà tí a bo òrùlé, omi wà níbẹ̀. Kò ju ohun tó lè kún ìkòkò méjì lọ. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òjò ti dá.

Bàbá Àgbà ní, "Omi ibo nìyí?"

"Omi òjò ni. Ojú ibí gan-an la ti ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Ẹsẹ̀ wa ló dí ilẹ̀ náà pinpin, koríko sì bò ó lójú oòrùn." Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ náà. "Ìkòkò ni, Baba Ṣọlá. A ti mọ ìkòkò ńlá láìfura."

Bàbá Àgbà wo omi náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ilé wà. Ó ní, "Mo ti di ẹrù o."

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kó wà ní dídì. Ẹ fún mi di ìgbà òjò."

Àwa mẹ́ta la gbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń gbọ́ ọ báyìí kì í gbà á gbọ́. A fẹ kòtò náà títí ó fi fẹ̀ bí ilé, ó sì jìn dé àyà Bàbá Àgbà. Ilẹ̀ náà le bí òkúta. Ọkọ́ Bàbá Àgbà ṣẹ́, èyí tí Baba Kọ́lá fi sílẹ̀ la fi parí rẹ̀. Nínú omi díẹ̀ tí a ń pọn lódò, Ìyá Àgbà máa ń wọ́n ìwọ̀n díẹ̀ sí ojú ibì kan, a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òun á fi igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu ìkòkò lù ú títí á fi dán, a ó wá bọ́ sí ibòmíràn. Bí a bá yí inú kòtò ká tán, a ó tẹ́ koríko sí i, a ó sun ún, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àárín iṣẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà dé. Ìyá Sàfúrá ni à ń pè é, ó ń ta aṣọ lọ́jà Ṣàkétẹ́, mùsùlùmí ni, olówó ni, kì í tẹ ẹrẹ̀. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó padà sílé pé òùngbẹ fẹ́ pa wá, ó sì fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà láti wá mú mi. Ó bá mi nínú kòtò, amọ̀ bò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Títí, ọmọ yìí lo fẹ́ pa ni, àbí ara rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí ẹ sinmi."

"Mi ò jókòó. Ọmọ ni mo wá mú."

Ìyá Àgbà ò fi igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò dì í mú. Ẹ bi í léèrè."

Ìyá Sàfúrá tẹ̀ ba níwájú mi. Ó sọ fún mi nípa iléèwé, ó sọ nípa búrẹ́dì, ó wá sọ nípa kànga tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, pé mo lè fi omi rẹ̀ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo bú sẹ́kún, torí mo fẹ́ omi yẹn gan-an. Mo wẹ̀yìn, mo rí Bàbá Àgbà nínú kòtò, mo rí ibi tó kù tí a ò tíì tẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ná."

Ìyá Sàfúrá dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá wa tẹ amọ̀. Kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́ ní Ṣàkétẹ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó wò mí, ó wo àbúrò rẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Títí, agídí rẹ ti ran ọmọ."

Òjò àkọ́kọ́ bá wa nínú oko. A ò sá. A lọ sí etí kòtò, a dúró nínú òjò, a ń wo omi bó ṣe ń gba ojú àgbàrá tí Bàbá Àgbà là fún un ya wọ inú rẹ̀. Èmi ń jó. Ìyá Àgbà ò jó. Ó ní kíkún kọ́ ni iṣẹ́ ìkòkò, kí ó má jò ni. Nígbà tí òjò dá, Bàbá Àgbà fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà bo kòtò náà, Ìyá Àgbà sì ri ọ̀pá kan tí ó ti fi ọ̀bẹ ṣá láti òkè dé ìsàlẹ̀ mọ́ àárín omi.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì yẹn, ọ̀pá ni mo máa ń lọ wò kí n tó fọ ojú. Mo máa ń sáré padà wá sọ ibi tí omi dé. Ọyẹ́ dé, ó ń mú omi lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rọra lọ. Gbogbo ilẹ̀ tó yí wa ká là, ti kòtò wa ò là. Bàbá Àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi lọ wò ó, á ní òun kàn ń kọjá ni.

Ọjọ́ kan ní àsìkò náà ni akọ̀wé ìjọba kan yọ sí wa, ìwé ńlá wà lábẹ́ apá rẹ̀, eruku bo bàtà rẹ̀. Wọ́n ń ka ènìyàn káàkiri. Ègùn ni, Àjàṣẹ́ ló ti wá, Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀ sórí itan.

Ó ní, "Màmá, ní Pọ́bẹ̀ wọ́n ní gbogbo yín ti lọ."

Ìyá Àgbà ń bu omi fún un. Ó ní, "A ò tíì lọ."

"Orúkọ abà ńkọ́?"

Ìbéèrè náà ò yé Ìyá Àgbà, ó rò pé akọ̀wé ò gbọ́ ohun tí òun kọ́kọ́ sọ ni. Ó tún un sọ ketekete, "A ò tíì lọ."

Akọ̀wé náà kọ ọ́. Ó mu igbá omi mẹ́ta, ó ka orí wa, ó lọ. Ó pẹ́ kí a tó rí ìwé tí wọ́n kọ abà wa sí: Àòtíìlọ. Bàbá Àgbà fẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Ìyá Àgbà ní, "Kí lẹ fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? Ṣé irọ́ ni?"

Akọ̀wé yẹn ló tan ìròyìn wa kálẹ̀ pé omi wà. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, Baba Kọ́lá dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dúró sí etí oko, wọn ò wọlé. Mo ń retí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà máa sọ, torí mo mọ ẹnu rẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ lómi, ó fún ìyàwó, ó fún Baba Kọ́lá fúnra rẹ̀. Ó wá wọlé, ó mú ọkọ́ náà jáde, irin rẹ̀ ti jẹ débi pé kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́. Ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó bá wa ṣiṣẹ́." Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń gbọ́ ohùn Baba Kọ́lá nínú oko kí ó tó lè wo ojú Ìyá Àgbà.

Ọjọ́ tí òjò padà rọ̀, omi ṣì dé orúnkún mi nínú kòtò. Lọ́jọ́ náà ni Bàbá Àgbà wọ yàrá, ó jókòó ti ẹrù tó ti dì lọ́dún tó ṣáájú, ó sì tú u. Ó pẹ́ kó tó tú u tán, ó ti ta kókó náà jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa Ìyá Àgbà: kì í tọrọ àforíjì. Ó lè bú ènìyàn láàárọ̀, kó mọ̀ lọ́sàn-án pé òun ṣi í bú, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò ní gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ó mọ ìkòkò omi kan, ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju gbogbo èyí tí mo rí i tó mọ lọ, ó fín in yí ọrùn ká. Ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

Bàbá Àgbà yí i wò. "Ta ló ni ín?"

Ó ní, "Ẹni tí mo pè ní ojo."

Inú ìkòkò yẹn nìkan ni Bàbá Àgbà ti ń mu omi títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìyá Àgbà gbìyànjú láti kọ́ mi níṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo bá mọ tí kò dára, ojú mi ló ti ń fọ́ ọ, kì í fi bò. Ó fọ́ ti òwúrọ̀, ó fọ́ ti ìrọ̀lẹ́. Mo sunkún títí mo fi dákẹ́ ẹkún. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ́wọ́ dé Pọ́bẹ̀, ó fi mí sí iléèwé. Mo ní ṣé torí mi ò mọ ìkòkò mọ ni. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Àdùní, àwọn ìka yìí dára, bíírò ni wọ́n ń wá."

Nígbà tó fi máa darúgbó, Àòtíìlọ ti di ilé tó lé ní ọgbọ̀n, kòtò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwọn Ọ̀họ̀rí tó fi wá rẹ́rìn-ín sì ti ń wá fẹ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Lóṣù tó kọjá, mo gun mòbìlẹ́ẹ̀tì mi, alùpùpù kékeré kan, wá kí i. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀, ó ní kí n gbé òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ló sùn tí kò jí mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ara rẹ̀ yá gágá. Mo ní kó di ìbàdí mi mú, mo rọra ń lọ, torí egungun arúgbó.

Nígbà tí a kọjá oko tó gbẹ̀yìn, ó tẹ ẹnu mọ́ etí mi. "Ṣé ibi tó lè sáré mọ nìyí?"

Mo yí ọwọ́ mòbìlẹ́ẹ̀tì náà kó lè sáré sí i. Afẹ́fẹ́ wọ inú aṣọ wa, eruku pupa ń tú lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi, ẹ̀rín ọmọbìnrin. Gèlè rẹ̀ ṣí, ó fò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí n lè padà mú un, ó sì lu mí lẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀, Àdùní. Ẹni tó bá rí i á wé e."